"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ti Lọ": Èdè-Ìperí àti Àbùkù Wáífáì Inú Ilé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé pè mí lórí fóònù láti Ìbàdàn. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n sọ: "Àbúrò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ." Mo bi wọ́n léèrè bí ó ti lọ. Wọ́n ní ó ti lọ náà ni, pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo tún bèèrè bóyá fóònù wọn ni kò rí àpótí wáífáì tí ó wà ní pálọ̀, tàbí àpótí náà ni kò rí ìta. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn pé, "Kí ni ìyàtọ̀ wọn?" Ìbéèrè yẹn ni ó bí àròkọ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún wọn. Ní òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn mẹ́ta tí ń gbé ní ìlú Manchester ní èdè Yorùbá, tí olúkúlùkù yóò jókòó síwájú fóònù tirẹ̀. Nígbà tí mo sì ti kùnà láti là wọ́n lóye, wọ́n pe ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ọmọbìnrin tí ó dá wọn lóhùn sọ fún wọn, ní èdè Yorùbá tí ó dán mọ́rán, pé kí wọ́n tún àpótí náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì tún un tàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹni tí kì í fi iṣẹ́ ṣe eré. Wọ́n yí àpótí náà wò, wọ́n rí ihò kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n sì fi tẹ inú ihò náà títí gbogbo iná ara àpótí fi kú tí wọ́n sì tún tàn. Láti ìgbà náà, àpótí náà kò rántí ohunkóhun mọ́. Orúkọ tí a sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé náà ti parẹ́, ọ̀rọ̀ tí a fi ń wọlé ti parẹ́, àti èyí tí ó burú jù, àwọn ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń dá àpótí mọ̀ ti bá wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó gbà kí òṣìṣẹ́ kan tó wá tún gbogbo rẹ̀ tò. Àwọn ọmọ náà pàdánù ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó ní ìtumọ̀ méjì.

Èrò mi ni pé, nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí fún ohun èlò tí ó lè bàjẹ́ nínú ilé, ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi ara wa bóyá a lè fi ọ̀rọ̀ náà wá ibi tí ó ti bàjẹ́. Bí a kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Aláìsàn tí kò ní gbólóhùn mìíràn ju "ara mi kò yá" lọ, iṣẹ́ ń bẹ fún oníṣègùn tí yóò wò ó. Lórí ọ̀rọ̀ wáífáì, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa.

Kò sí ẹni tí yóò sẹ́ pé a ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Láti ọdún 1970 tí a ti dá ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà sílẹ̀ ní Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ni a ti rí i dájú pé ọmọ Yorùbá lè fi èdè rẹ̀ kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, fún àwa olùkọ́ ní àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àti lítíréṣọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ní ti ohun èlò ìgbàlódé, ó dà bí ẹni pé oríkì ni a ń kì fún wọn, a kò sọ wọ́n lórúkọ. "Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá" dùn lẹ́tí, ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè. Síbẹ̀ kò sọ ohunkóhun fún wa nípa iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe, kò sì wúlò rárá ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà náà bá ń wọ́ bí ìgbín. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan túmọ̀ ráútà sí "ẹ̀rọ ìtàtagbà ayélujára aláìlókùn inú ilé". Mo fún un ní máàkì, nítorí kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ lálẹ́, tí ó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, kò ní rí èémí tí yóò fi pe gbogbo rẹ̀ tán.

Ní ti wáífáì fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn àwọn tí ó ní kí á yá a lò bẹ́ẹ̀ ni mo wà. Mo ti gbọ́ "ìṣòtítọ́ aláìlókùn" lẹ́nu àwọn tí ó gbà pé ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀lé, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1997, ni à ń pè ní IEEE 802.11. Ní 1999, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n sì gba ilé-iṣẹ́ Interbrand, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífún ọjà lórúkọ, pé kí ó wá èyí tí yóò rọrùn lẹ́nu ju nọ́ńbà lọ. Orúkọ ọjà ni wọ́n rí gbà. Gbólóhùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tán ni wọ́n fi kún un láti fi polówó. Ẹ má jẹ́ kí á máa fi agbára túmọ̀ ohun tí àwọn tí ó ni ín pàápàá kò fún ní ìtumọ̀.

Ráútà ni ó yẹ kí á dúró lé lórí. Ohun tí ó wà nínú àpótí náà ju ẹyọ kan lọ. Rédíò wà níbẹ̀ tí ó ń bá àwọn fóònù ilé sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ohun tí ó ń tọ́ ìsọfúnni sọ́nà wà níbẹ̀, tí ó mọ èyí tí ó jẹ́ ti fóònù bàbá yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà ọmọ. Iṣẹ́ kejì yìí ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń tọ́ka sí, n kò sì rí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu ju "atọ́nà" lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ wa, síìmù ni a ń fi sínú àpótí náà kí ó lè bá òpó ilé-iṣẹ́ fóònù sọ̀rọ̀. Ní ilé mìíràn, okùn tín-ín-rín tí a fi gíláàsì ṣe ni ó wọlé wá bá a.

Àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Rédíò inú atọ́nà yàtọ̀, nítorí pé bí fóònù kò bá dá a lóhùn, kò sí ìjíròrò láàárín wọn. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn, nítorí òun ni ó tú ọ̀kan nínú àwọn àdììtú wáífáì. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rí àmì wáífáì lójú fóònù rẹ̀, síbẹ̀ ohunkóhun kò ṣí. Ohun tí ó fà á nígbà púpọ̀ ni pé ohùn atọ́nà ròkè, ohùn fóònù sì kéré, nítorí ó ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ lò. Fóònù ń gbọ́ atọ́nà, atọ́nà kò gbọ́ fóònù, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó wà lóko ti lè gbọ́ agogo ilé-ìwé tí olùkọ́ kò sì ní gbọ́ igbe tirẹ̀. Àmì tí mo ń wí yìí rí bí abẹ̀bẹ̀ tí a nà sókè, mo sì dábàá pé kí á kúkú máa pè é ní abẹ̀bẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ bá kún, ohun tí ó ń sọ kò ju pé fóònù gbọ́ ohùn atọ́nà lọ. Kò ṣèlérí ohunkóhun nípa ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri ilé.

Ìgbì méjì ni ọ̀pọ̀ atọ́nà òde òní ń lò. Èkíní ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà bílíọ̀nù 2.4 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gígùn rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 12.5. Èkejì ń gbọ̀n ní ìgbà bílíọ̀nù 5 ó lé díẹ̀, gígùn tirẹ̀ kò sì tó ìdajì ti èkíní. Nọ́ńbà yìí ni ìwé ìtọ́ni ń fi pè wọ́n, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò sọ fún onílé èyí tí yóò yàn. Mo dábàá "ìgbì arìnjìnnà" fún ti 2.4 àti "ìgbì ayára" fún ti 5. Arìnjìnnà ń la ògiri kọjá ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ kún: wáífáì àwọn aládùúgbò wà níbẹ̀, ẹ̀rọ máíkírówéèfù tí a fi ń gbé oúnjẹ kaná náà ń ta ìgbì rẹ̀ síbẹ̀. Nínú àwọn ojú-ọ̀nà tí a pín in sí, 1, 6 àti 11 ni mẹ́ta tí a lè lò pọ̀ tí wọn kì í gun ara wọn lẹ́yìn. (Àwọn kan ń pe ojú-ọ̀nà yìí ní ìkànnì. Ìkànnì ti ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, láti orí tẹlifíṣọ̀n dé orí ayélujára. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi.) Ayára ń gbé ẹrù púpọ̀ láàárín àsìkò díẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri bíríkì méjì ti tó láti dá a dúró. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ràn irin, páànù, dígí ìwojú, àti omi tí ó pọ̀ lójú kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbé atọ́nà tiwọn sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, nítorí wọ́n ní kò yẹ kí àlejò rí okùn káàkiri. Orí pẹpẹ, ní àárín ilé, ni ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ìbéèrè tí wọ́n bi mí. Ìsopọ̀ méjì ni ó wà, bí ọ̀kan bá sì já, èkejì lè wà digbí. Èyí tí ó wà láàárín fóònù àti atọ́nà ni mo pè ní ìsopọ̀ abẹ́lé. Èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ atọ́nà lọ sí ilé-iṣẹ́ àti sí àgbáyé ni ìsopọ̀ ìta. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èyí tí ó já kò nílò ìmọ̀ ńlá. Kí ó kọ nọ́ńbà atọ́nà fúnra rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, tí a sì ń rí lára ìwé pélébé tí ó wà lábẹ́ àpótí, síbi tí a ń kọ orúkọ ojú-ìwé ayélujára sí. Bí ojú-ìwé atọ́nà bá ṣí, tí ìròyìn kò sì ṣí, ìta ni kí á wò.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun tí ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ ní itòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Abẹ̀bẹ̀ kún fọ́fọ́ ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa atọ́nà mi tí mo sì tàn án, èmi tí mo ń pe ara mi ní olùkọ́, kí n tó rántí pé ìsàlẹ̀ òkun kò sí lábẹ́ àṣẹ mi. Bí ọ̀rọ̀ méjì yìí bá ti wà lẹ́nu mi láti ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni ǹ bá ṣe é.

Lẹ́yìn ìsopọ̀ ni àdírẹ́sì. Kí ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àyálò ṣe níbí nígbà tí a ní "ojúlé"? Gbogbo ẹni tí ó ti gbé ìlú rí ni ó mọ ojúlé kẹta ní òpópónà báyìí. Atọ́nà ni ó ń pín ojúlé fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé. Bí kọ̀ǹpútà kan bá tọrọ ojúlé tí kò rí ẹni dá a lóhùn, yóò dá ti ara rẹ̀ yàn, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Ojúlé àdáyàn ni èyí. Ẹni tí ó bá rí i ti mọ̀ pé kò sí ohun tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe sí i, àárín kọ̀ǹpútà àti atọ́nà ni àbùkù wà. Ó tún ku ẹnìkan tí a kì í rí, èyí tí ó ń sọ orúkọ ojú-ìwé di nọ́ńbà ojúlé fún wa. Amorúkọ-mojúlé ni mo sọ ọ́. Bí òun nìkan bá sùn, ìsopọ̀ méjèèjì yóò pé, ojúlé yóò tọ̀nà, síbẹ̀ orúkọ kankan kò ní ṣí.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ètò atọ́nà tuntun, nítorí ibẹ̀ ni à ń gbin ọ̀pọ̀ àbùkù sí. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó ń ṣọ́ atọ́nà, páásíwọ́ọ̀dù kan náà ni a sì ń pe àwọn méjèèjì. Àwọn atúmọ̀ èdè kan ń lo "ọ̀rọ̀-aṣínà". Kò burú nígbà tí àmì ohùn bá wà lórí rẹ̀. Nígbà tí kò bá sí, a kò mọ̀ bóyá ọ̀nà ni ó ń ṣí tàbí ó ń ṣìnà. Èmi yóò fẹ́ kí á lo ilé Yorùbá fúnra rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìwọlé" ni èyí tí ọmọ ilé fi ń so fóònù rẹ̀ mọ́ wáífáì. "Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù" ni èyí tí onílé fi ń wọ inú ètò atọ́nà láti yí nǹkan padà. Kò sí onílé tí yóò fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ ìyẹ̀wù. Bí atọ́nà bá sì ní àyè fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn àlejò, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n rí àwọn ohun èlò ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí á pè é.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù sílẹ̀ bí ó ti wá láti ilé-iṣẹ́, nítorí wọn kò mọ̀ pé méjì ni. Kòkòrò orí ayélujára tí a ń pè ní Mirai, tí ó ja àgbáyé ní 2016, kò ní ọgbọ́n kan ju pé ó ń dán irú ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù àtilẹ̀wá bẹ́ẹ̀ wò lọ. Kámẹ́rà àti atọ́nà tí onílé kò yí tiwọn padà ni ó sọ di ẹrú. Ní ti ìlànà ààbò, WPA2 tàbí WPA3 ni kí á yàn. WEP ni kí á sá fún, nítorí láti 2001 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ó ṣeé já.

Nǹkan kan wà níhìn-ín tí ó kan àwa tí a ń jà fún àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ ìwọlé WPA2 gbọ́dọ̀ jẹ́ àmì 8 ó kéré tán, kí ó má sì ju 63 lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ASCII nìkan ni ó gbà: kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí àmì ohùn kankan. Orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gba lẹ́tà wa, ṣùgbọ́n báìtì 32 péré ni àyè rẹ̀. Lẹ́tà ẹ́, pẹ̀lú àmì orí àti tìsàlẹ̀, lè jẹ báìtì 5. Irú rẹ̀ mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ tí ó dá ẹ̀gbọ́n mi lágara sí ìkẹyìn. "Tún un bẹ̀rẹ̀" kò dára fún iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí á yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìwé ìtọ́ni. Fún èkíní, kí á sọ pé "pa á, kí o tàn án". Ìpa-tàn ni orúkọ rẹ̀: kí á yọ ọ́ lára iná, kí á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí á sì dá a padà. Kò pa ohunkóhun rẹ́. Fún èkejì, "dá a padà sípìlẹ̀", ìyẹn ìdápadà-sípìlẹ̀, tí ó ń sọ ọ́ di bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ gbólóhùn yẹn tí kò ní kọ́kọ́ bèèrè ohun tí yóò bá a lọ.

Àwọn akẹgbẹ́ mi kan yóò sọ pé òtúbáńtẹ́ ni gbogbo èyí, pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lójú atọ́nà, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò sì kà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ẹnìkan kò rí ohun tí ó wà níwájú ẹnì kejì, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ọmọbìnrin ilé-iṣẹ́ yẹn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ju tirẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ka àròkọ yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Wọn kò gba "atọ́nà" wọlé. Wọ́n ní "adènà" ni ó yẹ, nítorí iṣẹ́ àpótí náà ni pé kí ó dí ọ̀nà mọ́ àjèjì. Mo rò pé kí á fi adènà pamọ́ fún ìpín kan péré nínú iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ó ń yẹ ohun tí ó ń wọlé wò, a kò sì tí ì parí àríyànjiyàn náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, wọ́n tún pè mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, abẹ̀bẹ̀ kún, ojúlé tọ̀nà, ìta ni kò sí." Mo ní kí wọ́n tètè pe ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti pè wọ́n kí àwọn tó pè mí.